Ṣé RAM 4 GB tó fún sáfà tí yóò máa tọ́jú fáìlì? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń ya fọ́tò àti fídíò òde ní Ìbàdàn mọ bí fáìlì ṣe ń pọ̀ tó lẹ́yìn ìgbéyàwó kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá bí wọ́n ṣe lè fi owó díẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yóò lè máa lò, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Àwọn ìbéèrè tó máa ń rú wọn lójú jù lọ ni mo dáhùn síhìn-ín.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí mo rí rà ní Queen Cinema kò ní ju RAM 4 GB lọ. Ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ sáfà?

Ó lè ṣe é dáadáa. Iṣẹ́ sáfà tó ń tọ́jú fáìlì kò wúwo: ó ń gba fáìlì láti orí wáyà, ó ń kọ ọ́ sórí dísìkì, ó sì ń gbé e jáde nígbà tí ẹnìkan bá béèrè rẹ̀. Fáìlì kì í wọ inú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí fúngbà díẹ̀) tán lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí fídíò 40 GB fi lè gba inú ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB kọjá láìsí wàhálà. Àyè tó bá ṣẹ́ kù nínú RAM, Linux, ìyẹn ètò tó ń darí sáfà, a máa fi pa àwọn fáìlì tí a lò kẹ́yìn mọ́, kí wọ́n lè tètè jáde bí a bá tún pè wọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé RAM ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ má fòyà, nítorí pé yóò dá àyè náà sílẹ̀ bí iṣẹ́ mìíràn bá nílò rẹ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí ẹ tún máa fi ẹ̀rọ yìí kan náà ṣe àtúntò fídíò.

Wọ́n ní terabyte dísìkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní gigabyte RAM kan. Ṣé òótọ́ ni?

Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin, orí ZFS ni wọ́n sì sábà máa ń sọ ọ́ sí. ZFS ni ètò ìtọ́jú fáìlì tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde ní 2005, ó sì fẹ́ràn RAM gan-an, nítorí pé inú rẹ̀ ló ń pa ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà mọ́ sí. Ibi tí RAM ti di dandan ni ọ̀rọ̀ dedup, ìyẹn nígbà tí a bá ní kí ZFS máa wò ó bóyá ègé dátà tí ó fẹ́ kọ ti wà lórí dísìkì tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ fún ègé kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ náà sì máa ń tó nǹkan bí báìtì 320. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 128 KB, terabyte kan yóò ní ègé tó lé ní mílíọ̀nù 8, àkọsílẹ̀ wọn nìkan yóò sì ju 2.5 GB lọ. Níbi tí RAM kò ju 4 GB lọ, ẹ rí i pé kò sí ohun tó kù fún iṣẹ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò kan kì í jọ òmíràn lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà dedup kò ní èrè kankan fún ayàwòrán. Bí ẹ kò bá tan dedup, tí ẹ sì fi ìṣètò zfs_arc_max dín ibi ìpamọ́ rẹ̀ nínú RAM kù sí 1 GB, ZFS yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kékeré. Kíkà fáìlì lẹ́ẹ̀kejì ni kò ní yá tó bẹ́ẹ̀.

TrueNAS, ètò kan tó ń sọ kọ̀ǹpútà di sáfà fáìlì, tó sì ń lo ZFS, ń béèrè fún RAM 8 GB, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀. OpenMediaVault, irú ètò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ́ lé orí Debian (oríṣi Linux kan), kò béèrè ju 1 GB lọ.

Kí ni ẹ̀yin fúnra yín máa fi sí i?

Dísìkì méjì tó tóbi dọ́gba, lórí Btrfs, ètò ìtọ́jú fáìlì mìíràn, ní RAID 1 (RAID ni ọ̀nà tí dísìkì mélòó kan fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan), kí gbogbo fáìlì lè wà lórí méjèèjì. Ext4, ètò ìtọ́jú fáìlì tí Linux sábà máa ń lò, dára, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń lò ó, àmọ́ kì í yẹ inú fáìlì wò bóyá ohun tó wà níbẹ̀ lónìí ni ohun tí a kọ síbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Btrfs a máa kọ nọ́ńbà ìdánwò fún ègé dátà kọ̀ọ̀kan, bí ègé kan bá sì bàjẹ́, yóò mú èyí tó pé láti orí dísìkì kejì, yóò fi tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní scrub lẹ́ẹ̀kan lóṣù. RAID 5 àti 6 ti Btrfs kò tíì ṣeé gbára lé.

Àyẹ̀wò yìí kò wúlò bí RAM fúnra rẹ̀ bá ní àrùn, nítorí pé dátà yóò ti bàjẹ́ kí nọ́ńbà ìdánwò tó dé orí rẹ̀. RAM tòkunbọ̀ tí kò ní ECC, ìyẹn ohun tó ń rí àṣìṣe RAM tó sì ń tún un ṣe, kì í sọ àṣìṣe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí Memtest86+, ètò tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò láti alẹ́ di àárọ̀. 4 GB tó yege sàn ju 16 GB tí a kò dán wò lọ.

Ṣé dísìkì náà lè jẹ́ tòkunbọ̀?

Rárá o. Kọ̀ǹpútà lè jẹ́ tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n dísìkì ni kí ẹ ná owó lé lórí. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi smartctl, ètò tó ń sọ ìlera dísìkì, wo Power_On_Hours, ìyẹn wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́: wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, nítorí náà èyí tó bá fi 40,000 hàn ti ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ lọ láìsinmi. Bí Current_Pending_Sector, ìyẹn iye ibi tí dísìkì kò rí kà dáadáa, bá ju òdo lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Kódà nínú tuntun, ẹ béèrè fún CMR, tó ń kọ ìlà dátà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kì í ṣe SMR, tó ń kọ wọ́n gun ara wọn, tó sì máa ń lọ́ra gan-an nígbà tí a bá ń tún RAID kọ.

Wáyà ńkọ́?

Ẹ lo wáyà, kì í ṣe Wi-Fi, kí swítìṣì, ìyẹn àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, sì jẹ́ gigabit (1,000 Mbps). Kíkó ohun tó kún káàdì kámẹ́rà 64 GB máa ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ lórí swítìṣì 100 Mbps. Lórí gigabit, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ bí dísìkì bá yá.

Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Kí ni ìyẹn ń ṣe sí fáìlì?

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ju RAM lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun ti kó fọ́tò tán, apá kan nínú rẹ̀ lè ṣì wà nínú RAM sáfà láìtíì dé orí dísìkì. Linux lè mú un dání fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín àkókò náà, Btrfs yóò dáàbò bo ohun tó ti wà lórí dísìkì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tí kò dé ibẹ̀ rí padà. Nítorí náà, ẹ má ṣe nu káàdì kámẹ́rà kí fọ́tò tó wà níbi méjì. Ìgbéyàwó kò ṣeé tún yà, àwọn àgbà mìíràn tó gbé ọwọ́ lé ìyàwó lórí lọ́jọ́ náà sì lè má sí mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń wá àwòrán wọn.

Ẹ ra UPS tó ní ojú USB, kí ẹ so ó mọ́ sáfà, kí ẹ sì fi NUT, ètò tó ń gbọ́ ohun tí UPS ń sọ, sórí Linux, kí sáfà lè pa ara rẹ̀ bí ó ti yẹ nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti fi ṣe èyí, tàbí láti tan jẹnẹrétọ̀. Inverter dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi tó sáfà létí pé bátìrì ń tán lọ. Àwọn kan ń lo láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ nítorí bátìrì rẹ̀. Ọgbọ́n ni, àmọ́ dísìkì USB méjì tí wáyà wọn ń yọ kò yẹ fún RAID.

Bí dísìkì méjì bá ti wà, ṣé mo tún nílò ẹ̀dà mìíràn?

Ẹ nílò rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá pa fáìlì rẹ́, ó ti pa á rẹ́ lórí dísìkì méjèèjì. Olè kò ní gbé ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Omi kò sì mọ RAID: Odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àgbàrá sì tún ṣe Ìbàdàn léṣe ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá wà ní Mọ́kọ́lá, ẹ jẹ́ kí dísìkì kẹta wà nílé ẹni tí ẹ fọkàn tán ní Akóbọ̀. Kí ẹ máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi rsync, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà ohun tó yí padà nìkan, kó ohun tuntun sí i, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára sáfà lẹ́yìn náà. Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì mélòó kan láti orí rẹ̀, kí ẹ ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì wò wọ́n dé ìparí.