Ọ̀ṣun wo lò ń wá? Àlàyé lórí reference interview

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ ilé ìkàwé yunifásítì, tó dúró níwájú tábìlì, tó ní òun ń wá ìwé, ọ̀rọ̀ tí olùtọ́jú ilé ìkàwé máa bá a sọ kó tó dìde lọ síbi pẹpẹ ìwé ni wọ́n ń pè ní reference interview. Kò jọ ti àwọn tó ń wáṣẹ́, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni máa kọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Síbẹ̀, nínú gbogbo iṣẹ́ tí olùtọ́jú ilé ìkàwé ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, èmi ò rí èyí tó jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Òṣogbo níbí ṣàpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dé: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ìwé lórí Ọ̀ṣun ni mò ń wá."

Ọ̀ṣun wo? Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ń to ìwé wọn ní ìlànà Library of Congress, tó ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà pín ìmọ̀ sí abala. Bó bá jẹ́ Ọ̀ṣun òrìṣà, BL2480 ni kó lọ. Bó bá jẹ́ ìtàn Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, abala Nàìjíríà ló wà, ní DT515. Bó bá jẹ́ omi odò náà, tí ìwakùsà góòlù ti sọ di rúdurùdu, TD ni, níbi tí ọ̀rọ̀ omi àti ìdọ̀tí àyíká wà. Àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ sínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi kún ohun àjogúnbá ayé ní 2005, abala N, ti iṣẹ́ ọnà, ni tiwọn. Orúkọ kan ṣoṣo, pẹpẹ mẹ́rin tó jìnnà síra. Ẹni tó bá kàn nawọ́ pé "ó wà lọ́hùn-ún" ti mú ọmọ ọlọ́mọ ṣìnà.

Nítorí náà, ìbéèrè tó máa jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ tẹnu rẹ̀ dáadáa ló máa ń ṣáájú: "Kí lo fẹ́ kọ nípa Ọ̀ṣun, àbúrò?"

"Pírójẹ́ẹ̀tì ni, mà. Wọ́n ní kí n wò ó bóyá òjé wà nínú ara ẹja odò náà."

Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùwádìí ń kọ àbájáde iṣẹ́ wọn sí, ló nílò jù báyìí, torí àbájáde ìwádìí tuntun kì í tètè dé inú ìwé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú Research4Life ni wọ́n ti máa rí i, ètò tí WHO, FAO àtàwọn àjọ mìíràn fi ń ṣí jọ́nà olówó ńlá fún ilé ẹ̀kọ́ wa, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ìgbà yìí ni ìbéèrè kéékèèké wọlé: láti ọdún wo? Odò Ọ̀ṣun nìkan, àbí odò mìíràn náà? Ìgbà wo lo máa fi pírójẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ fún olùkọ́ rẹ? Lẹ́yìn náà, olùtọ́jú á tún ọ̀rọ̀ náà sọ padà fún un, kó lè mọ̀ bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá rí nǹkan, á bi í pé, "Ṣé ohun tí ò ń wá nìyí?" Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò nígbà tí èrò bá pọ̀ níwájú tábìlì, ó sì ń dùn mí.

Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ ò kúkú sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà? Ní 1968, Robert Taylor, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ilé ìkàwé, ṣàlàyé pé èèyàn máa ń gé ìbéèrè rẹ̀ kù sí èyí tó rò pé ilé ìkàwé lè dáhùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ojú tún ń tì wọ́n: wọn ò fẹ́ yọ àgbà lẹ́nu, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé wọn ò mọ nǹkan. Nítorí náà, ọ̀yàyà wà lára iṣẹ́ yìí gan-an. Bí ọmọ kan bá ń wá ìwé lórí oyún ṣíṣẹ́ tàbí kòkòrò HIV, a kì í wádìí ohun tó mú un wá a, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jáde síta.

Àwọn iṣẹ́ yòókù wà níbẹ̀: títún pẹpẹ tò láàárọ̀, fífi ìwé tuntun sínú kátálọ́ọ̀gì, kíkọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní, mímúra de àwọn àlejò NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó yunifásítì. Gbogbo wọn ló ń dúró bí ẹnì kan bá ti dé iwájú tábìlì.

Ìwọ tó ò ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì, bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, sọ ohun tí o fẹ́ kọ, ohun tí o ti kà àti ọjọ́ tí o máa fi sílẹ̀. Má ṣe gé e kúrú.