Ibo Ni Ìgbẹ́ Inú Ọkọ̀ Ojú Omi Ń Gbà Lọ?

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ òkun ni mo ń ṣe. Ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ rìn wà lábẹ́ ìtọ́jú wa, ẹ̀rọ tó ń gba ìgbẹ́ àti ìtọ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àlejò kì í dé. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ wa ń dúró láti wọ èbúté, mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ẹ̀rọ yìí, mo sì rí i pé ẹnì kan ti yí ọwọ́ fáàfù kan sí òdìkejì. Fáàfù yẹn ló ń pinnu bóyá ìgbẹ́ á wọ táǹkì, tàbí kó gba ara ọkọ̀ jáde tààrà sínú omi. Nígbà tí mo bojú wolẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, omi ti ṣókùnkùn ní ìwọ̀n bí ẹní méjì, bébà ìnùdí ń léfòó lórí rẹ̀. Apẹja kan wà nítòsí, níbi tí a ti lè ké sí i kó gbọ́. Ó ń fa àwọ̀n rẹ̀.

“Ọ̀gá, òkun mà tóbi,” ni ọmọkùnrin tó yí fáàfù náà sọ fún mi.

Òkun tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń dúró sí, agbami kọ́. Ẹ wo ọ̀sà Èkó. Ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ ni kò jìn tó mítà 3, Commodore Channel sì ni ẹnu tó fi ń bá òkun pàdé. Bí òkun bá ń fà, omi ọ̀sà á gba ibẹ̀ jáde. Bí òkun bá ń kún, ohun tó jáde láàárọ̀ á tún wọlé padà. Ohun tí ẹ dà nù lójú ara yín lè padà wá bá yín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Nítorí èyí ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL fi ní abala kẹrin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Ó ní bí ọkọ̀ kò bá ní ẹ̀rọ ìtọ́jú ìgbẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, kó tó da ìgbẹ́ tútù nù, ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀ ju máìlì òkun 12 lọ. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ti fi oògùn apakòkòrò sí i, ó gbọ́dọ̀ ju máìlì 3 lọ. Ìgbẹ́ inú táǹkì kò gbọ́dọ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa rìn, ó kéré tán ní ìsáré 4 knots (máìlì òkun 4 ní wákàtí kan), kí omi tó ń rú lẹ́yìn ọkọ̀ lè tú u ká. Ọkọ̀ ńlá tó ń ti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn ni òfin náà dè: èyí tó tó 400 gross tonnage (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí inú ọkọ̀ ṣe tóbi tó), tàbí tó ń gbé ju èèyàn 15 lọ. Ọkọ̀ apẹja kékeré àti ọkọ̀ oníyanrìn tó ń wà lórí omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù nìyẹn, torí pé àwọn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ nínú omi tó pa rọ́rọ́. Orílẹ̀-èdè Sweden kò fi tiwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: láti oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni wọ́n ti ka dída ìgbẹ́ láti inú ọkọ̀ ìgbafẹ́ sínú omi wọn léèwọ̀.

Ìpalára rẹ̀ pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni pé bakitéríà tó ń jẹ ìgbẹ́ nínú omi máa ń lo ọ́ksíjìn tí ẹja fi ń mí. Omi ilẹ̀ wa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í lè gba ọ́ksíjìn púpọ̀ sínú bí omi ìlú tútù, nítorí náà kì í pẹ́ tán. Ìgbẹ́ tún jẹ́ ajílẹ̀ fún ewé wínníwínní inú omi, àwọn náà sì máa ń fa ọ́ksíjìn lóru. Bí ẹ bá rí èpìyà tó ń yánu lójú omi ní ìdájí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èémí ló ń wá.

Èkejì ni àìsàn, ìgbẹ́ ẹnì kan ṣoṣo sì tó dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, àwọn èèyàn ní ìpínlẹ̀ mélòó kan ní Amẹ́ríkà jẹ oyster, ẹran inú ìkarahun tí wọ́n máa ń jẹ ní tútù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn tó ṣèwádìí tọpa rẹ̀ dé omi kan ní Louisiana. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń kó oyster níbẹ̀ ló máa ń da ìgbẹ́ wọn sómi láti inú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́wọ́ pé òun ti ṣàìsàn ṣáájú, òun sì da ìgbẹ́ òun sínú omi náà. Oyster máa ń sẹ́ omi láti rí oúnjẹ jẹ, ó sì ń kó kòkòrò jọ sínú ara rẹ̀.

Àwa máa ń se ẹja tiwa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń bó edé kò wọ iná, ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ létí Mákòókó náà sì ń gbé omi mì. Onígbáméjì kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ìgbẹ́ tó ń ti orí ilẹ̀ wọ ọ̀sà pọ̀ ju ti ọkọ̀ lọ fíìfíì. Ti ọkọ̀ ni èmi lè fọwọ́ ara mi tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ ìtọ́jú ìgbẹ́, ẹ má da Izal tàbí Hypo sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Bakitéríà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yẹn, a ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn kí wọ́n má kú. Bí ẹ bá pa wọ́n, òórùn ẹyin tó bà jẹ́ ni ẹ ó máa gbọ́, gáàsì tó ń rùn bẹ́ẹ̀ sì lè pa ẹni tó bá bọ́ sínú táǹkì. Kí ọkọ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀, ẹ fi àgádágodo ti fáàfù tó ń tú síta, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní ti ọkọ̀ tí kò ní táǹkì, garawa tó ní ọmọrí ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e dé ṣáláńgá lórí ilẹ̀. Bí inú ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń ṣàn, kó sọ kíá, kó má sì fọwọ́ kan ẹja ọjọ́ náà.