Lexington: ibi tí ìkọ́ṣẹ́ ìwádìí lórí oògùn olóró ti ṣẹ̀

Ní ọdún 1929, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí ìjọba kọ́ ọgbà méjì fún àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún, torí irú wọn ti kún ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní 1935 ní Lexington, ìpínlẹ̀ Kentucky. Ẹlẹ́wọ̀n wà níbẹ̀, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gba ìwòsàn wà níbẹ̀. Wọ́n jọ ń dáko, wọ́n jọ ń sin màlúù.

Ní tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun ń gbà lónìí lórí ìwádìí oògùn olóró ti ṣẹ̀. Ẹ̀ka ìwádìí kan wà nínú ọgbà náà, tí wọ́n wá sọ ní Addiction Research Center ní 1948. Àwọn dókítà ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlera ìjọba ń wá síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà bíi Harris Isbell àti Abraham Wikler. Wikler ṣàkíyèsí ohun kan tí kì í kúrò lọ́kàn mi: ẹni tí kò fọwọ́ kan oògùn mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n bá kàn jókòó sọ̀rọ̀ oògùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í yán, ikun á máa jò nímú rẹ̀, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa oògùn tì. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àdúgbò àti ọ̀rẹ́ àtijọ́ lè fa ènìyàn padà sídìí oògùn. Dókítà Marie Nyswander ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí òun àti Dókítà Vincent Dole tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú methadone, oògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò heroin, ní New York ní 1964. Dókítà Jerome Jaffe náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí; òun ni Ààrẹ Nixon fi ṣe olórí ètò ìdènà oògùn olóró ní 1971.

Ṣùgbọ́n ara ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi kọ́ gbogbo èyí, oògùn olóró fúnra rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń san owó ọ̀yà àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ó burú. Ẹni tó yẹ kí wọ́n wò sàn, ohun tó ń dá a lóró ni wọ́n tún gbé lé e lọ́wọ́.

Ní July 1974, Nixon fọwọ́ sí National Research Act. Apá kan òfin náà dá National Research Service Award sílẹ̀, owó tí yunifásítì fi ń gba ọ̀mọ̀wé tuntun sẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ìwádìí. Apá kejì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi ara wọn ṣèwádìí. Inú mi dùn pé òfin kan náà ló gbé méjèèjì. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá NIDA, àjọ ìwádìí oògùn olóró, sílẹ̀. Ní 1976, ìwádìí lára ẹlẹ́wọ̀n dópin ní Lexington. Ní 1979, Addiction Research Center kó lọ sí Baltimore.

Gbèsè wà nínú owó National Research Service Award yìí o. Látìgbà tí wọ́n ti tún òfin rẹ̀ ṣe ní 1993, oṣù 12 àkọ́kọ́ tí ọ̀mọ̀wé bá fi kọ́ṣẹ́ ti di gbèsè lọ́rùn rẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí tàbí iṣẹ́ olùkọ́ ni yóò sì fi san án. Bó bá dúró wọ ọdún kejì, oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá lò ń san oṣù kan kúrò níbẹ̀.