Bí Orí Dídà Tó Mọ́ Gaara Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Yorùbá ya ère gbígbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ère dídà, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó ń gbẹ́ ère ń yọ igi kúrò títí ohun tó ń wá yóò fi hàn sí i. Ẹni tó ń da ère kì í rí ohun tó ń ṣe ní àsìkò tó ṣe pàtàkì jù, nítorí inú amọ̀ ni idẹ gbígbóná ti ń di orí, ìgbà tí ó bá sì fọ́ amọ̀ náà ni yóò tó mọ̀ bóyá ó jèrè tàbí ó pàdánù. Orí ènìyàn tí a fi gíláàsì tàbí rẹ́sìn (oje oníkẹ́míkà tó máa ń le) dà, tí ojú ẹni tó ń wò ó lè gba inú rẹ̀ kọjá sí òdìkejì, jẹ́ ẹ̀ka kékeré kan lára ère dídà, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ń lò ó lóde òní láti bèèrè ohun tó mú ènìyàn jẹ́ ẹni tó jẹ́. Òṣogbo ni mo ti ń wò ó. Èrò mi ni pé ìtàn rẹ̀ kò lè yé wa dáadáa bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Yúróòpù, nítorí pé ìmọ̀ méjèèjì tó pọn dandan fún un, orí dídà àti gíláàsì yíyọ́, ti wà nílẹ̀ wa fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láìjẹ́ pé wọ́n pàdé.

Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nítòsí ààfin, kan àwọn orí tí a fi idẹ dà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó orí ènìyàn gan-an. Àwọn onímọ̀ fi wọ́n sí àárín ọ̀rúndún 12 sí 15. Ọ̀nà ìda ni wọ́n gbà ṣe wọ́n: wọ́n á fi amọ̀ mọ inú orí, wọ́n á fi ìda oyin mọ ojú, imú àti ètè lé e lórí, wọ́n á tún fi amọ̀ tó kúnná bo ìda náà, wọ́n á gbé e sínú iná kí ìda lè yọ́ dànù, àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ sí. Ní ìlú kan náà, ní Igbó Olókun, Abídèmí Babalọlá wa ilẹ̀ ní 2011 àti 2012, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, tó lé ní 800. Ohun tó wà nínú gíláàsì náà kò bá ti àwọn àjèjì mu, ohun ilẹ̀ Ifẹ̀ ni, ìyẹn ni a fi mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ló ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń tún gíláàsì ẹlòmíràn yọ́. Òṣogbo kò gbẹ́yìn. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, Akínwùmí Ògúndìran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wú ẹ̀rí jáde pé àwọn ará Òṣogbo àtijọ́, ní nǹkan bí ọ̀rúndún 17 sí 18, mọ iṣẹ́ gíláàsì náà.

Kí ló dé tí ẹni tó ń yọ́ gíláàsì kò da orí, tí ẹni tó ń da orí kò sì yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń yọ́ gíláàsì? Apá kan ìdáhùn wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Gíláàsì tó bá nípọn tó orí ènìyàn yóò sán bí òde rẹ̀ bá tutù ṣáájú inú, àfi kí a fi í sínú ààrò tí a ó máa dín iná rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Apá kejì ni èmi kà sí pàtàkì jù: iṣẹ́ tí gíláàsì ń ṣe lára orí nílẹ̀ Yorùbá ni láti bò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ adé, ìlẹ̀kẹ̀ náà ni ìbòjú tó ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ọba, kí ojú ará ìlú má baà wọ inú ojú rẹ̀ tààrà. Ìbọrí tó dúró fún orí inú ènìyàn, inú ilé orí tí a fi owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni a ń fi í pamọ́ sí. Lọ́dọ̀ wa ní Òṣogbo, bí oṣù kẹjọ bá dé, tí Arugbá gbé igbá Ọ̀ṣun lọ sódò, aṣọ ni a fi ń bo ẹrù tó wà lórí rẹ̀ láti ààfin dé Igbó, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé kí wọ́n ṣí i.

Ìtàn Ifá kan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Àjàlá ni amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run, onígbèsè sì ni. Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Oríléèmèrè ọmọ Ìja àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà fẹ́ lọ yan orí tí wọn yóò gbé wá sáyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé. Wọ́n wo èyí tó tóbi tó sì dára lójú, wọ́n gbé e, wọn kò mọ̀ pé kò pé, òjò tó pa wọ́n lójú ọ̀nà ló fi bí orí náà ti rí hàn wọ́n. Àfùwàpẹ́ dúró, ó san gbèsè Àjàlá, Àjàlá náà bá a yan orí, ọ̀pá irin ni ó sì ń gbá mọ́ wọn títí tó fi gbọ́ ìró èyí tó dára. Etí ni wọ́n fi mọ orí rere nínú ìtàn náà. Ojú ló tan àwọn tó kù jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó mọ́ gaara ni Àjàlá fi ń mọ orí, ìtàn náà ì bá má sí.

Lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, ìmọ̀ méjèèjì ti pàdé tipẹ́. Ní Íjíbítì, ó ti lé ní 3,400 ọdún, wọ́n fi gíláàsì da orí Fáráò Amenhotep Kejì. Ó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gíláàsì tó wà ní Corning ní Amẹ́ríkà ló sì wà báyìí. Orí náà kéré, kò sì mọ́ gaara, nítorí pé òkúta iyebíye ni àwọn ará Íjíbítì fẹ́ kí gíláàsì wọn jọ. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, Henry Cros ní Faransé tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gíláàsì lílọ̀ nínú móòdù, ìyẹn ohun oníhò tó ń fún ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ ní ìrísí, ó sì fi ṣe ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ rí bí àbẹ́là, ojú kò wọ inú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìmọ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí mo fi ìpilẹ̀ṣẹ̀ orí dídà tó mọ́ gaara gan-an sí ni Železný Brod, ìlú kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Czech òde òní. Jaroslava Brychtová, tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíláàsì ìlú náà sílẹ̀, ti ń gbìyànjú gíláàsì dídà sínú móòdù nígbà tí Stanislav Libenský, ayàwòrán, wá ṣiṣẹ́ sí ìlú náà ní àárín àwọn ọdún 1950. Brychtová rí àwòrán abọ́ kan tí Libenský yà, tí orí ènìyàn wà nínú rẹ̀, ó sì gbà láti fi gíláàsì ṣe é. Iṣẹ́ náà jáde láàárín 1955 sí 1956. Ohun tuntun tó wà níbẹ̀ ni pé orí náà kò yọ síta. Ihò ni wọ́n dá sára gíláàsì tó nípọn, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì gbà á kọjá, ihò yẹn á yí padà di imú, ètè àti ìpéǹpéjú lójú ẹni tó ń wò ó. Ibi tí gíláàsì ti fẹ́lẹ́ á mọ́, ibi tó nípọn á ṣókùnkùn, nípa bẹ́ẹ̀ àwọ̀ kan ṣoṣo á ṣe iṣẹ́ àwọ̀ mẹ́wàá. Alágbẹ̀dẹ idẹ ní Ifẹ̀ máa ń fi amọ̀ dí inú orí, kò sì sí ẹni tó bìkítà bí inú náà ṣe rí. Brychtová àti Libenský sọ inú di ojú iṣẹ́. Ìjọba Kọ́múníìsì ìgbà náà, tó ń fi ojú líle ṣọ́ àwòrán àti ère, ka gíláàsì sí iṣẹ́ ọwọ́ lásán, èyí sì fún wọn láyè tí àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ wọn kò ní. Tọkọtaya ni wọ́n dà níkẹyìn, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ títí Libenský fi kú ní 2002. Brychtová kú ní 2020. Ní Sweden, Bertil Vallien gba ọ̀nà mìíràn: inú yanrìn tútù ló ń da gíláàsì gbígbóná sí, ó sì máa ń ri nǹkan kéékèèké sínú orí náà, bí ìgbà tí èrò bá há sí ènìyàn lọ́kàn.

Ní Òṣogbo, nígbà tí Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, ṣílẹ̀kùn ní 1962, tí Denis Williams, lẹ́yìn rẹ̀ Georgina Beier, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọnà, kò sí ààrò gíláàsì níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Jímọ̀ Bùráímọ̀, tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, tó fi jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ tó ti ń bo ojú tẹ́lẹ̀ wá di ojú fúnra rẹ̀. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà, fi sìmẹ́ǹtì ṣe ògiri oníhò, tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gba àárín àwọn ère inú rẹ̀ kọjá.

Rẹ́sìn ló wá gbé orí tó mọ́ gaara dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé kò nílò ààrò. Àwọn tó ń fi faibagíláàsì ṣe táǹkì omi àti ère ojú títì ti mọ̀ ọ́n dáadáa: wọ́n á fi amọ̀ mọ orí, wọ́n á fi P.O.P. (ìyẹ̀fun funfun tó ń le bí a bá fi omi pò ó) gba móòdù lára rẹ̀, wọ́n á po rẹ́sìn pọ̀ mọ́ oògùn tó ń mú un le, wọ́n á sì dà á. Rẹ́sìn ń mú ooru ara rẹ̀ wá bó ti ń le, ooru Òṣogbo sì ń fi kún un, nítorí náà ẹni tó bá kánjú da orí odindi lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i kó sán; ìpele dé ìpele ni wọ́n ń dà á. Oòrùn sì máa ń sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú bí ọdún ti ń lọ.

Mo dúró ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú yìí lọ́jọ́ tó tú orí kan jáde nínú móòdù. Ó fi bébà ìfági tútù dán an títí ojú fi ń wọ inú rẹ̀, ó sì gbé e sójú fèrèsé. Èéfọ́ kan, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ́sìn, tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, wà lẹ́yìn etí òsì. Oníbàárà rẹ̀ ní kí ó fá a kúrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, inú ló wà, kò sí lójú òde, bí mo bá fá a dé ibẹ̀, orí yẹn á ti tán.” Oníbàárà yí orí náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, èéfọ́ náà sì ń hàn láti ibi gbogbo tí ó bá kọ ojú rẹ̀ sí.