Perpetual: ṣé "títí láé" ni àbí "láìní gbèdéke"?

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ìwé òfin ni mò ń ṣe. Bàbá kan gbé ìdájọ́ ilẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó fìka tọ́ ìlà tó kẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi ka ibí yìí dáadáa." Perpetual injunction ló wà níbẹ̀: ilé-ẹjọ́ ti ká ẹbí kejì lọ́wọ́ kò, wọn ò gbọdọ̀ dé orí ilẹ̀ náà mọ́. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá nílé pé "títí láé" ni, wọ́n sì ti ń wọn ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kànga sí. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó jẹ̀bi ṣì ní oṣù mẹ́ta láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àti pé bí ilé-ẹjọ́ gíga jùyẹn bá fagi lé ìdájọ́ náà, àṣẹ ọ̀hún bá a lọ nìyẹn.

Gbogbo ohun tí perpetual ń sọ níbẹ̀ ni pé adájọ́ kò dá ìgbà fún àṣẹ yìí. Àwọn àṣẹ tí wọ́n ń pa nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ ní ibi tí wọ́n ń dúró sí. Eléyìí, tó tẹ̀lé ìdájọ́, kò ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ ní "àṣẹ aláìní gbèdéke". Ohun tí kò ní gbèdéke lè dópin. Ọjọ́ tó máa dópin ni ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀.

Yorùbá kúkú ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹ̀. "Àìnípẹ̀kun" tó wà nínú Jòhánù 3:16, èmi kì í mú un wọ ìwé ilẹ̀ láéláé. Ti Ọlọ́run nìyẹn. "Gbére" wúwo ní tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ sẹ́wọ̀n gbére, ẹ̀mí rẹ̀ ni gbèdéke rẹ̀, àyàfi bí gómìnà bá dárí jì í. Òun náà la ń gbọ́ létí sàréè: ó dìgbére, ó dàrìnnàkò.

Nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ ní perpetual succession: bí àwọn tó ni ín bá tilẹ̀ kú, ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà. Ẹ wò ó bí oyè: Aláàfin lè wàjà, oyè Aláàfin kò bá a wàjà. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí wọ́n tú ilé-iṣẹ́ ká.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ìwé àdéhùn àwọn olórin. In perpetuity, ọmọ ìyá perpetual, ni wọ́n máa ń fi há àárín ìlà, pé olórin gbé ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ fún wọn láìdá ìgbà, tí ọmọ ọlọ́mọ á sì fọwọ́ sí i. Lábẹ́ òfin kópíráìtì Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ lórí orin tí ènìyàn kọ máa ń parí ní ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tí ẹni náà kú. Òfin fúnra rẹ̀ ní gbèdéke. Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún olórin? Òun ti kú, ọmọ rẹ̀ ti darúgbó.

Àbúrò kan mú irú ìwé yẹn wá. Mo fi bírò yí ọ̀rọ̀ náà ká lójú ìwé kẹta, mo ní kó lọ bá lọ́yà, kó sì béèrè iye ọdún gan-an. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti fagi lé in perpetuity, wọ́n kọ "ọdún 12" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tọ̀tún-tòsì sì ti fọwọ́ sí i.