Yìnyín tí wọ́n fi pa mọ́ de ìgbà ooru

Ní ìlú Sundsvall, lórílẹ̀-èdè Sweden, òjò dídì ni wọ́n fi ń mú inú ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà tutù nígbà ooru. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń ṣe é. Èyí tí wọ́n bá gbá kúrò lójú títì nígbà òtútù, wọn kì í dà á nù. Inú kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀dà títì tẹ́ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń kó o jọ sí. Kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú, wọ́n á da igi tí wọ́n rún wẹ́wẹ́ bò ó, kó nípọn tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà.

Ṣé kò ní yọ́ ni? Yíyọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́, kó ṣáà má yá jù. Òkìtì ńlá kì í tètè yọ́, torí pé inú ló pọ̀ sí, ara tí ooru lè bá jà kò tó nǹkan. Ẹni tó ń ta ẹja tútù mọ̀ ọ́n: yìnyín odidi máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n fọ́ lọ.

Omi tó yọ́ ni ẹ̀rọ ń fà lọ sí ibi tí páìpù rẹ̀ ti fara kan ti ilé ìwòsàn. Omi méjèèjì kì í pò pọ̀ (ojú títì la ṣáà ti gbá a wá), ooru nìkan ló ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Omi yìnyín tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ á wá padà sí ìdí òkìtì, yóò yọ́ òmíràn. Iná tí ẹ̀rọ tó ń fa omi ń jẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti amúlétutù.

Kì í ṣe torí pé yìnyín tutù nìkan ló ṣe lágbára báyìí. Ooru tí kílò kan yìnyín ń gbé mì kó tó di omi, tí omi ọ̀hún ò sì ní gbóná jù bó ṣe wà lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí yóò gbé kílò omi kan láti òdo dé 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì.

Yìnyín ni wọ́n ṣì fi ń wọn agbára amúlétutù títí dòní. “Tọ́ọ̀nù” kan, ìyẹn 12,000 BTU (òṣùwọ̀n ooru) ní wákàtí kan, ni ooru tó lè yọ́ nǹkan bíi 907 kílò yìnyín tán láàárín wákàtí 24. Òun náà ni àwa ní Nàìjíríà sọ di 1.5 horsepower.