Ṣé lóòótọ́ ni pé òfin kò sọ owó orí di dandan? Àlàyé lórí àwíjàre tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń gba owó oṣù ní Òkè-Mosàn, ibi tí ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní Abẹ́òkúta níbí, kì í sábà ráyè jiyàn lórí owó orí, nítorí pé kí owó oṣù náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti yọ ti ìjọba kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n ni ẹni tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, jórinjórin tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Lafẹ́nwá, àti ọ̀dọ́ tí ó ń ti inú yàrá rẹ̀ ní Ọbáńtokò ṣiṣẹ́ fún àwọn ará òkè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn fúnra wọn ni yóò ṣírò èrè wọn, tí wọn yóò sì gbé e síwájú ìjọba. Irú wọn ni àhesọ kan máa ń dùn mọ́ létí, pé kò sí òfin tí ó kan ará ìlú lásán nípá láti san owó orí lórí ohun tí ń wọlé fún un, àti pé ẹni tí ó bá san án, tinútinú rẹ̀ ni ó fi san án. Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ohun tí ó mú kí ó fi òótọ́ jọ, àti ìdí tí kò fi lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níwájú adájọ́.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀ jù lọ. Ní ọdún 1895, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ wọ́gi lé òfin owó orí tí ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe, èyí ni ó sì mú kí wọ́n fi Àtúnṣe Kẹrìndínlógún kún ìwé òfin wọn ní 1913, kí àwọn aṣòfin lè ní agbára tí kò ní iyèméjì láti bu owó orí lé ohun tí ń wọlé fún ènìyàn. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wá ihò tí wọn yóò gbà bọ́. Àwọn kan ní àwọn ìpínlẹ̀ kò fọwọ́ sí àtúnṣe náà bí ó ti yẹ. Àwọn mìíràn ní owó oṣù kì í ṣe èrè, pé pàṣípààrọ̀ òógùn ojú ni. Àwọn mìíràn tún gbá ibi tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti sọ pé ọwọ́ ará ìlú ni ìṣirò wà mú, wọ́n sì yí i sí pé sísan rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wù. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa jù. Bí òfin bá gbà wá láyè láti fúnra wa ṣírò gbèsè wa, ìyẹn kò pa gbèsè náà rẹ́. Ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti ṣírò, àwọn agbowó-orí ní àṣẹ láti bá a ṣe é láti inú ohun tí wọ́n bá mọ̀ nípa òwò rẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ tó bọ́ sí i lójú rere.

Àwọn ilé ẹjọ́ ní orúkọ fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, òun ni mo pè ní àwíjàre tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kò bá gbà ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè fi òótọ́ inú jiyàn lórí ibi tí òfin ti ṣókùnkùn, kí ẹjọ́ náà dá a lẹ́bi, kí ó sì lọ sí ilé rẹ̀ láìsí ìtìjú. Èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni èyí tí òfin tí a kọ sílẹ̀ tako gedegbe, tí àwọn adájọ́ sì ti dáhùn rẹ̀ léraléra débi pé kò sí ohun tuntun tí ẹnikẹ́ni lè fi kún un mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìtanràn 5,000 dọ́là wà fún ẹni tí ó bá gbé irú rẹ̀ ka inú ìwé owó orí tí ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba, yàtọ̀ sí owó orí náà fúnra rẹ̀ àti èlé orí rẹ̀. Irwin Schiff, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ yìí, tí ó sì ń ta ìwé lé e lórí, kú sínú àhámọ́ ní 2015. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún òṣèré Wesley Snipes náà nítorí pé kò fi ìwé owó orí rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹjọ́ tí ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ nínú wọn ni ti awakọ̀ òfuurufú kan tí ń jẹ́ Cheek, tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lé lórí ní 1991. Ọkùnrin yìí ní ohun tí wọ́n kọ́ òun ni pé owó oṣù kì í ṣe ohun tí owó orí kàn, òun sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ilé ẹjọ́ náà ní bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé àìmọ̀ ni ó ṣe é, àwọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò, bí ó ti wù kí ìgbàgbọ́ náà jẹ́ ti òmùgọ̀ tó, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi kàn án ni ẹ̀ṣẹ̀ àmọ̀ọ́mọ̀ dá. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé ẹni tí ó mọ òfin náà, tí ó kàn ń sọ pé òfin ọ̀hún kò bá ìwé òfin ilẹ̀ mu, kò ní ibi ìsápamọ́sí kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, wọ́n dá Cheek lẹ́bi. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀wọ̀n nìkan ni àìmọ̀ lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Owó orí tí ó jẹ ṣì wà nílẹ̀ tí ó ń dúró dè é.

Àwíjàre tiwa ní Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn yọ, mo sì gbà pé ó ní làákàyè nínú ju ti Amẹ́ríkà lọ. Abala 24 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 ka ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé kí olúkúlùkù fi òtítọ́ sọ iye tí ń wọlé fún un fún àwọn tí òfin yàn, kí ó sì tètè san owó orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Orí Kejì ni abala náà wà, abala 6 sì sọ ní ìpín rẹ̀ kẹfà pé àwọn ilé ẹjọ́ kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí ohun tí ó wà nínú Orí Kejì. Àwọn tí ń tan ọ̀rọ̀ yìí kálẹ̀ á wá fi méjèèjì so pọ̀: bí a kò bá lè gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ẹjọ́ lórí abala 24, a jẹ́ pé owó orí kò pọn dandan nìyẹn.

Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà tọ́, èyí tí ó tẹ̀lé e ni kò tọ́. Kò sí agbowó-orí tí ó ń fi abala 24 pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ibòmíràn ni agbára wọn ti wá. Nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan, nọ́ńbà 59 fún wọn ní àṣẹ lórí owó orí tí a bù lé owó tí ń wọlé àti èrè. Àṣẹ yẹn ni òfin owó orí ẹnìkọ̀ọ̀kan ti ọdún 1993, tí òfin tuntun ti rọ́pò báyìí, dúró lé, òun náà sì ni Òfin Owó Orí Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, dúró lé. Òfin tí àwọn aṣòfin ṣe bẹ́ẹ̀ kò sí nínú Orí Kejì, kò sì sí ohun tí ó dí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ láti mú un ṣẹ. Bí ẹnìkan bá tún sọ pé ohun ìní òun ni owó òun, pé ìwé òfin sì dáàbò bo ohun ìní, abala 44 tí ó ṣe ààbò náà ti dáhùn fúnra rẹ̀: ìpín rẹ̀ kejì sọ pé ààbò yẹn kò kan òfin tí a fi ń bu owó orí lé ènìyàn tàbí tí a fi ń gbà á.

Ohun tí ó jẹ́ òótọ́, tí àhesọ yìí sì ń bò mọ́lẹ̀, ni pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ni òfin fúnra rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Lábẹ́ òfin tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan tí owó orí lè kàn kò ní owó orí rárá, a sì yọ ẹni tí owó rẹ̀ kò ju iye tí ó kéré jù tí ìjọba ní kí a san fún òṣìṣẹ́ kúrò pátápátá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn tí ó ti yọ owó aṣọ, owó aró, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọkọ̀, èrè rẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ ₦1,500,000. Ó ń san ₦300,000 lọ́dún fún ilé tí ó ń gbé. Òfin gbà á láyè láti yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé náà, bí iye tí ó yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ìyẹn jẹ́ ₦60,000, ó wá ku ₦1,440,000. Bí a bá yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, orí ₦640,000 ni yóò ti san ìdá 15 nínú 100, èyí tí ó jẹ́ ₦96,000 fún ọdún náà, tàbí ₦8,000 lóṣù. Bí èrè rẹ̀ bá jẹ́ ₦750,000 péré, kò ní san nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn má jẹ gbèsè yàtọ̀ sí kí òfin má kàn án. Ẹni tí kò bá kọ iye tí ó ń wọlé fún un sílẹ̀, tí kò sì fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá, lè rí ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀lé e. Èyí ni ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni tí àhesọ bá mú kí ó jókòó sílé lè wá fi ìtanràn san ohun tí owó orí rẹ̀ gan-an kò tó.

Mo mọ̀ pé ìbínú ni ó ń gbé àhesọ náà rìn. Ẹni tí ó ń gba ojú ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́ kọjá lójoojúmọ́, tí ó ń fa omi fúnra rẹ̀, tí ó sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ní ẹ̀tọ́ láti bi ìjọba ohun tí wọ́n ń fi owó orí ṣe. Abẹ́òkúta kò sì ṣàjèjì sí ìbínú yìí. Owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918 wà lára ohun tí ó fa Ogun Adùbí, tí wọ́n fi hú ojú irin rélùwéè, tí wọ́n sì já wáyà tẹligíráàfù. Ní 1947, àwọn obìnrin ìlú yìí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jẹ́ aṣáájú wọn, tú jáde lọ sí ààfin Aké lórí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, nígbà tí kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tí ń pàṣẹ rẹ̀. Wọ́n dá owó orí náà dúró ní 1948, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Àwọn ìyá wa wọ̀nyí mọ̀ dájú pé òfin náà wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a yí i padà, tí wọ́n sì dúró lójú ọ̀sán gangan láti sọ ọ́.

Ó tún yẹ kí a ya owó orí sọ́tọ̀ kúrò lára owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn àgbèrò ń gbà ní gáréèjì àti owó tí àwọn kan ń fi pákó dínà gbà. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1998 ka dídí ojú ọ̀nà láti gba owó orí tàbí owó mìíràn fún ìjọba léèwọ̀, ìbáà jẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó rán wọn. Ẹni tí ó kọ̀ láti san irú ìyẹn kò rú òfin owó orí.

Ní ti ẹni tí ó bá gba ìwé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí iye tí ó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀ jù lójú rẹ̀, òfin fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ ìwé àtakò. Nínú ìwé náà ni yóò ti sọ ibi tí ìṣirò wọn ti kùnà, iye tí ó gbà pé èrè òun jẹ́, àti ohun tí ó fi mọ̀ bẹ́ẹ̀: ìwé ìṣirò ọjà, rìsíìtì owó ilé, àkọsílẹ̀ báńkì. Bí wọn kò bá gbọ́ tirẹ̀, ó lè gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, kí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀.